Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Fáìlì: Bí Àbùdá Àfikún Ṣe Ń La Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kọjá

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáìlì rí. Ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí ohùn tó wà nínú rẹ̀ la máa ń rí. Bí a bá tẹ `ls -l`, a ó rí orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ àti ẹni tó ni ín. Àmọ́ àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké mìíràn lè so mọ́ fáìlì yẹn kan náà, tí `ls` kò ní dárúkọ wọn rárá. Àwọn ni mo ń pè ní àbùdá àfikún. Xattr ni àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń pè wọ́n, èmi náà yóò sì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ń yára.

Bí fáìlì bá wà lórí dísìkì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ xattr kò le. Ọjọ́ tí a bá gbé e gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ tí fáìlì ń gbà kọjá á di púpọ̀: kánẹ̀lì (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ti oníbàárà tó ń béèrè fáìlì, ìlànà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ (NFS, ìlànà pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù níhìn-ín), kánẹ̀lì sáfà tó ń pín fáìlì, ètò fáìlì tó wà lórí dísìkì sáfà, àti irinṣẹ́ tí a fi ṣe ẹ̀dà. Bí ẹyọ ọwọ́ kan nínú wọn bá jù ú sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, inú fáìlì á sì pé pérépéré síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fura títí di ọjọ́ tí a bá wá a. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú sáfà ni kó rí i dájú pé ibi tí xattr bá ti já, ó pariwo níbẹ̀.

Ojúlé mẹ́rin nínú agboolé kan

Xattr kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti iye tí orúkọ náà dúró fún. Lórí Linux, orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojúlé tó ti wá. Ojúlé mẹ́rin ló wà. `user` ni ti gbogbo wa: ẹni tó bá lè ka fáìlì lè ka xattr rẹ̀, ẹni tó bá lè kọ nǹkan sínú fáìlì lè kọ ọ́. `trusted` jẹ́ ti ẹni tó ní agbára CAP_SYS_ADMIN, èyí tí í ṣe root, ọ̀gá aṣàmúlò tó ní àṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. `security` ni kánẹ̀lì fi ń tọ́jú ààbò: ibẹ̀ ni àmì SELinux (ètò ààbò kan nínú Linux) wà gẹ́gẹ́ bí `security.selinux`, ibẹ̀ náà sì ni agbára tí a fi `setcap` fún ètò ń gbé, gẹ́gẹ́ bí `security.capability`. `system` ló ni àwọn àkọsílẹ̀ àṣẹ ìwọlé (ACL) bíi `system.posix_acl_access`.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìdajì àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí NFS ni pé wọ́n rò pé bí `user` bá lè kọjá, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ṣe kókó. Kánẹ̀lì Linux kò gba orúkọ tó ju báìtì 255 lọ. Iye kan kò gbọ́dọ̀ ju báìtì 65,536 lọ, àkójọ orúkọ tó wà lórí fáìlì kan kò sì gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni òkè àjà. Ètò fáìlì tó wà nísàlẹ̀ lè rẹlẹ̀ jù ú lọ jìnnà. XFS gba iye tó tó báìtì 65,536. Ní ti ext4, bí a kò bá tan àbùdá `ea_inode` lórí rẹ̀, gbogbo xattr fáìlì kan pátá gbọ́dọ̀ há sínú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096, pẹ̀lú àyè kékeré tó bá ṣẹ́ kù nínú inode (àkọsílẹ̀ tí ètò fáìlì fi ń mọ fáìlì kọ̀ọ̀kan) fúnra rẹ̀.

Báìtì ni mo wí o, n kò wí lẹ́tà. Àwa tí a ń kọ èdè tó ní àmì ohùn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Lẹ́tà `ọ̀` kan ṣoṣo jẹ́ báìtì 5 nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà ní báìtì. Ọ̀nà méjì ló sì wà tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lè gbà kọ ọ́: ó lè lo `ọ` tí a ti so àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kó tó fi àmì òkè sí i, ó sì lè kọ `o` lásán kó wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kánẹ̀lì a máa fi orúkọ xattr wé ara wọn báìtì sí báìtì, nítorí náà orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹni tó kọ `user.olùkọ̀wé` láti orí kọ̀ǹpútà kan lè wá a láti orí òmíràn kí wọ́n sọ fún un pé kò sí irú rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí orúkọ xattr wà ní lẹ́tà kékeré ASCII láìsí àmì, kí àmì ohùn wà nínú iye rẹ̀ dípò inú orúkọ. Bí `getfattr`, àṣẹ tí a fi ń ka xattr, bá sì gbé irú iye bẹ́ẹ̀ jáde ní base64 (báìtì tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán kọ), tí `0s` wà níwájú rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, kò bàjẹ́. Ẹ fi `--only-values` kà á, ọ̀rọ̀ yín á jáde bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Ohun tí NFS ń gbé àti ohun tí kì í gbé

NFS ìkẹta, tí a tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1995 nínú RFC 1813 (RFC ni ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì jáde), kò ní àyè kankan fún xattr. Ìlànà ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NFSACL ló ń gbé ACL ti POSIX kọjá fún un, ibẹ̀ ló sì parí sí. NFS ìkẹrin, nínú RFC 3530 ti 2003, mú nǹkan tó jọ xattr wá, tí wọ́n fi iṣẹ́ OPENATTR ṣí i: fódà kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn fáìlì, tí àbùdá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ fáìlì gidi tí a lè ṣí, kí a kà, kí a sì fi kún. Èyí bá Solaris, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, mu, nítorí bí àbùdá àfikún ṣe rí lórí Solaris nìyẹn. Linux kò bá a lọ. Xattr ti Linux ni a ń kọ lódidi lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì ń kà lódidi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pé a ṣí i tàbí pé a tì í.

Oṣù Kejìlá 2017 ni RFC 8276 jáde, tó fi iṣẹ́ mẹ́rin kún NFSv4.2: GETXATTR, SETXATTR, LISTXATTRS àti REMOVEXATTR. Nọ́ńbà wọn lórí wáyà ni 72, 73, 74 àti 75. Kánẹ̀lì Linux 5.9, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2020, ló kọ́kọ́ gbà wọ́n wọlé, ní ẹ̀gbẹ́ oníbàárà àti ní ẹ̀gbẹ́ sáfà. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá ṣì wà lórí kánẹ̀lì tó dàgbà ju ìyẹn lọ, tí olùpín rẹ̀ kò sì gbé àtúnṣe yìí padà sínú rẹ̀, kò tíì ní xattr lórí NFS, ohun yòówù kó kọ sínú fáìlì ètò rẹ̀.

RFC 8276 yìí mọ́ ọ̀rọ̀ níwọ̀n: ojúlé `user` nìkan ló gbà láyè. Kódà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà `user.` ránṣẹ́ lórí wáyà. Oníbàárà á gé e kúrò lórí orúkọ, sáfà á tún un fi sí i. Ìdí tí wọ́n fi fi àwọn ojúlé yòókù sílẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Kánẹ̀lì gba ohun tó bá wà ní `security` àti `trusted` gbọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bí root orí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan bá lè kọ `security.capability` sórí dísìkì sáfà, ó ti rí ọ̀nà fún ètò ní agbára lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń ka dísìkì yẹn. Root ilé kan kì í ṣe root ilé kejì. Àmì SELinux nìkan ló ní ọ̀nà tirẹ̀: NFSv4.2 ń gbé e lọ́tọ̀, bí sáfà bá fi `security_label` sínú `/etc/exports`.

Ohun tí èyí já sí nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni pé bí ẹ bá fi `setcap cap_net_raw+ep` fún ètò kan tó wà lórí fódà NFS, ẹ ó gba "Operation not supported". Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà ètò tó ti ní agbára yẹn lọ sórí NFS, ẹ̀dà náà á ṣiṣẹ́ láìní agbára rẹ̀, ẹ ó sì máa wá ìdí rẹ̀ kiri. OverlayFS, ètò fáìlì tó ń to fódà lérí ara wọn, náà kò ṣeé tẹ́ lé NFS gẹ́gẹ́ bí ìpele òkè rẹ̀, àwọn tó kọ kánẹ̀lì sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe kọ̀ntánà, kó fi ibi tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ní ìpele òkè sórí dísìkì ilé.

Gbígbé e dúró

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sáfà. Kí ẹ tó bi NFS léèrè ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dán ètò fáìlì wò níbẹ̀ gan-an, lórí dísìkì:

`touch /ipin/idanwo`
`setfattr -n user.oye -v "ó dé" /ipin/idanwo`
`getfattr -d /ipin/idanwo`

Bí èyí kò bá lọ, NFS kò lè ṣe é fún yín. Ext4, XFS àti Btrfs á gbà á. Tmpfs, ètò fáìlì tó ń gbé inú ìrántí kọ̀ǹpútà, kò gba `user` títí di kánẹ̀lì 6.6, nítorí náà ẹni tó bá ń fi tmpfs ṣe ìdánwò lórí kánẹ̀lì àtijọ́ á kàn máa da ara rẹ̀ láàmú lásán.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo `/proc/fs/nfsd/versions` lórí sáfà. Ó gbọ́dọ̀ ní `+4.2` nínú. Bí ẹ bá rí `-4.2`, ẹ lọ sí `/etc/nfs.conf`, lábẹ́ `[nfsd]`, kí ẹ fi `vers4.2=y` sí i, kí ẹ sì tún iṣẹ́ NFS bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan oníbàárà. Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Bí a bá máùǹtì (ìyẹn ni pé kí a so fódà sáfà mọ́ kọ̀ǹpútà wa) láìsọ irú NFS tí a fẹ́, àwọn irinṣẹ́ òde òní á kọ́kọ́ gbìyànjú 4.2, bí kò bá lọ, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí 4.1, títí tí wọ́n á fi rí èyí tó gbà. Wọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fódà á ṣí, fáìlì á ṣeé kà, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó dára, xattr nìkan ni kò ní sí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ jáde:

`mount -t nfs4 -o vers=4.2 safa:/ipin /mnt/ipin`

Báyìí, bí 4.2 kò bá ṣeé ṣe, máùǹtì fúnra rẹ̀ á kọ̀, ẹ ó sì mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ gbé e kalẹ̀ dípò kó jẹ́ ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi `nfsstat -m` wò ó bóyá `vers=4.2` ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú àwọn ènìyàn. Ìgbà tí oníbàárà bá ń máùǹtì ló ń bi sáfà bóyá ètò fáìlì yẹn gba xattr, ó sì ń rántí ìdáhùn yẹn. Bí ẹ bá wá mú kánẹ̀lì sáfà gòkè tàbí kí ẹ yí dísìkì ẹ̀yìn rẹ̀ padà, oníbàárà tó ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ á ṣì máa sọ pé kò sí. Ẹ `umount`, kí ẹ tún un máùǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i pé xattr ń kọjá, ẹ tẹ èyí lórí oníbàárà:

`grep XATTR /proc/self/mountstats`

Ìlà mẹ́rin á jáde fún ìsopọ̀ NFSv4.2 kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ni iye ìgbà tí a ti lo iṣẹ́ náà. Ẹ ṣe `setfattr` kan, kí ẹ tún wò ó. Nọ́ńbà SETXATTR gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹ wá ṣe `getfattr` lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Bí GETXATTR kò bá gòkè ní ìgbà kejì, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Oníbàárà ló tọ́jú ìdáhùn àkọ́kọ́, tó fi dá yín lóhùn láìlọ sórí wáyà.

Ìtọ́jú ìdáhùn yìí ní ẹ̀yìn. Bí kọ̀ǹpútà kìíní bá yí xattr padà, kọ̀ǹpútà kejì tó ti tọ́jú ti àtijọ́ lè máa rí ti àtijọ́ títí àkókò tí wọ́n dá fún un fi pé. Fún fáìlì, àkókò yẹn a máa wà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 60 bí a kò bá yí `acregmin` àti `acregmax` padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ `user.ipo=setan` kí ẹ sì máa retí pé kọ̀ǹpútà kejì á rí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba iṣẹ́ kan mú láàárín ọ̀pọ̀ oníbàárà, àṣàyàn XATTR_CREATE nínú `setxattr` ló tọ́: sáfà ló ń dájọ́ níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á wọlé, ẹni kejì á gba EEXIST, àṣìṣe tó ń sọ pé ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìyára, LISTXATTRS ń mú orúkọ wá, kì í mú iye wá. Fáìlì tó ní xattr mẹ́ta á ná wa ní àlọ-àbọ̀ mẹ́rin: ọ̀kan fún àkójọ, mẹ́ta fún iye. Bí àlọ-àbọ̀ kan bá gba ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, fáìlì 100,000 á gba ìṣẹ́jú-àáyá 400, kí a tó ka báìtì kan nínú fáìlì gan-an. Ẹni tó bá lè ṣe irú àyẹ̀wò yẹn lórí sáfà fúnra rẹ̀, kó ṣe é níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àṣìṣe ń sọ

Mo fẹ́ kí a ka àwọn ìfiránṣẹ́ àṣìṣe dáadáa, nítorí òmíràn nínú wọn ń sọ òótọ́ lọ́nà tó ń ṣini lọ́nà.

"Operation not supported" túmọ̀ sí pé ọ̀nà kò sí rárá. Ó lè jẹ́ pé ìsopọ̀ kò tó 4.2, tàbí kánẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ kan ti dàgbà jù, tàbí ètò fáìlì ẹ̀yìn sáfà kò gbà, tàbí pé ojúlé tí kì í ṣe `user` ni ẹ ń kàn. "No such attribute" yàtọ̀ pátápátá: ọ̀nà wà, xattr yẹn ni kò sí lórí fáìlì yìí. "Permission denied" ń sọ pé sáfà kò gbà fún ẹni tó ń béèrè. Bí ẹ bá jẹ́ root lórí oníbàárà, tí `root_squash` sì wà lórí sáfà, ènìyàn lásán ni yín lójú rẹ̀. "Operation not permitted" lórí `user` sábà máa ń jẹ́ pé ìtọ́ka, ìyẹn symlink, tàbí fáìlì ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ fi xattr sí. Fáìlì gidi àti fódà nìkan ló gba `user`.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù ni "No space left on device". Wọ́n á sáré lọ tẹ `df`, wọ́n á rí i pé ìdajì dísìkì ṣófo. Wọ́n á tẹ `df -i`, inode ṣì pọ̀. Wọ́n á wá rò pé sáfà ti ya wèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ext4 ló wà lẹ́yìn, xattr fáìlì kan ṣoṣo yẹn sì ti kún búlọ́ọ̀kù báìtì 4,096 tí wọ́n fún un. Àyè tó tán wà lẹ́yìn fáìlì yẹn, kò kan dísìkì. Ẹ lọ ka ohun tó wà lórí rẹ̀, bí root, lórí sáfà:

`getfattr -d -m - -e hex /ipin/faili`

Ẹ má gbàgbé `-m -` yẹn. Láìsí i, `getfattr -d` á fi ojúlé `user` nìkan hàn yín, nígbà tó jẹ́ pé ACL gígùn kan tàbí àmì ààbò ló jẹ àyè. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a dín ohun tí a ń kó sí i kù, tàbí kí a gbé ìpín náà lọ sórí XFS. Ó sàn kí iye ńlá lọ sínú fáìlì tirẹ̀, kí xattr kàn máa tọ́ka sí i.

"Argument list too long" náà ń tan ènìyàn jẹ. Kì í ṣe pé àṣẹ tí ẹ tẹ̀ gùn jù. Iye tí ẹ fi sí xattr ló ju báìtì 65,536 lọ.

Irinṣẹ́ ẹ̀dà, ibi tí xattr ti ń ṣòfò jù

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. `cp` a máa dákẹ́. `cp -a` á gbìyànjú láti gbé xattr, bí kò bá lè gbé e, kò ní sọ, á sì padà pẹ̀lú nọ́ńbà àṣeyọrí. `cp --preserve=all` á kìlọ̀ nípa àwọn àṣìṣe mìíràn, àmọ́ kò ní sọ "Operation not supported", á sì ṣì sọ pé òun ṣe àṣeyọrí. `cp -a --preserve=xattr` nìkan ló ń ka ìkùnà xattr sí ìkùnà gidi. Bí ẹ bá ń kọ ìwé àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ lóru tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ lò.

`rsync -a` kò gbé xattr rárá. `-X` ló ń gbé e. Mo fẹ́ràn `rsync -aX` fún iṣẹ́ yìí, nítorí bí ibi tí à ń lọ kò bá gba xattr, ó ń kígbe "Operation not supported (95)", á sì padà pẹ̀lú nọ́ńbà 23. Bí root bá ló ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé gbogbo ojúlé àyàfi `system`, tí ACL sì ní `-A` tirẹ̀. Bí ènìyàn lásán bá ló ń ṣiṣẹ́, `user` nìkan. Nítorí náà, láti gbé sáfà kan lọ sórí òmíràn, ẹ jẹ́ kí rsync lọ láti dísìkì sí dísìkì nípasẹ̀ SSH, kó má gba orí máùǹtì NFS. Ohun tí NFS kò lè fi hàn, rsync kò lè rí i láti gbé.

`tar` ti GNU ń fẹ́ `--xattrs` nígbà tí a bá ń dì í àti nígbà tí a bá ń tú u. Nígbà títú, `user` nìkan ló ń padà bí a kò bá fi `--xattrs-include='*'` sí i. Báákọ̀pù tí a dì dáadáa, tí a wá tú láìfi èyí sí i, á dà bí ẹni pé ó pé.

SSHFS, tó ń pín fáìlì gba orí SSH, kò gbé xattr. Ní ti Samba, ètò tó ń pín fáìlì fún Windows, xattr ni òun fúnra rẹ̀ ń fi pa nǹkan mọ́: ẹ ó rí `user.DOSATTRIB` lórí àwọn fáìlì tí kọ̀ǹpútà Windows ti fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá tún pín fódà kan náà lórí NFS, àwọn oníbàárà NFS á rí i, wọ́n sì lè pa á rẹ́ bí wọ́n bá rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ kìlọ̀ fún wọn. Bí `streams_xattr` bá wà lára `vfs objects`, òdidi ìṣàn dátà kejì fáìlì ni Samba ń kó sínú xattr, ààlà 4,096 ti ext4 á sì tètè kàn yín.

Ọwọ́ tí a kì í fura sí jù ni ti ẹ̀dítọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti `sed -i` náà, kì í kọ nǹkan sórí fáìlì àtijọ́. Wọ́n á kọ fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá fún un ní orúkọ ti àtijọ́. Inode tuntun nìyẹn. Orúkọ kan náà, àmọ́ xattr ti bá inode àtijọ́ lọ. Fífi xattr sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ̀dítọ̀ bá ti ṣe tán, ṣùgbọ́n ṣáájú kí ẹ tó fi `chmod` sọ fáìlì di èyí tí a kò lè kọ nǹkan sí, nítorí `user` ń béèrè àṣẹ ìkọ̀wé.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó pé

Ẹ jẹ́ ká mú àkójọ fáìlì ohùn kan tí a ti fi àmì ìdánimọ̀ sha256 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí `user.sha256`, tí a fẹ́ gbé lọ sórí sáfà tuntun. Ẹ wọ inú fódà ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ tẹ:

`find . \( -type f -o -type d \) -print0 | LC_ALL=C sort -z | xargs -0 getfattr -d -m '^user\.' -e hex > /tmp/orisun.txt`

Ìdí tí `sort -z` fi wà níbẹ̀ ni pé ètò fáìlì méjì lè to orúkọ inú fódà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a kò bá tò ó, àfiwé á kún fún ìyàtọ̀ tí kì í ṣe ìyàtọ̀. `-e hex` wà kí iye kankan má bàa yí àwọ̀ padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà yín. Ẹ lọ sí fódà tuntun, kí ẹ tẹ àṣẹ kan náà sínú `/tmp/ibugbe.txt`, kí ẹ wá kó fáìlì méjèèjì sójú kan, kí ẹ fi `diff` wé wọn. Bí `diff` kò bá sọ nǹkan kan, ẹ fi `wc -l` ka ìlà `orisun.txt` náà. Fáìlì òfìfo méjì bá ara wọn mu dáadáa.

Bí ohun kan bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, `orisun.txt` yẹn ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ dúró sínú fódà tuntun:

`setfattr --restore=/tmp/orisun.txt`

Á dá gbogbo rẹ̀ padà sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí, mo máa ń ní kí irú fáìlì àkọsílẹ̀ yìí bá báákọ̀pù rìn nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ń gba orí ètò èyíkéyìí kọjá, NFSv3 pàápàá.

Àwọn tí sáfà wọn kò lè kúrò lórí NFSv3 ṣì ní ọ̀nà méjì mìíràn. Wọ́n lè di àkójọ wọn pẹ̀lú `tar --xattrs`, kí wọ́n gbé tar náà sórí NFS, nítorí inú tar ni xattr wà, sáfà kò ní mọ̀ ọ́n sí nǹkan kan ju báìtì lọ. Wọ́n sì lè dá fáìlì àwòrán dísìkì kan sórí NFS, kí wọ́n fi ext4 sínú rẹ̀, kí wọ́n máùǹtì rẹ̀ bíi dísìkì. Oníbàárà kan ṣoṣo ló lè máùǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì bá kọ nǹkan sí i papọ̀, ext4 inú rẹ̀ á bàjẹ́, xattr àti fáìlì á sì jọ lọ.